Èlú, ewé tó sọ Òṣogbo di ìlú aró: ẹ má tíì fi oògùn pa á ní ààlà oko yín

  Ọ̀rọ̀ àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ la sábà máa ń sọ níbí. Ti òní, ìtàn ni, àmọ́ ìtàn tó lówó nínú ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni ibi tó kan oko yín wà.

Ohun tó fà á rèé. Mo lọ sí oko àgbẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò Ọ̀tìn. Ó fẹ́ ro ilẹ̀ kan tó ti fi sílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́jọ, ó ní kí n wá sọ oògùn apakoríko tí òun máa rà. Mo wo igbó náà yíká, mo ní, "Ẹ fín gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan ààlà. Tó bá ti gbẹ, ẹ dáná sí i." Ìyá rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó pè mí: "Agíríìkì, wá ná, ọmọ mi." Ó nawọ́ sí ewé kan tó fà mọ́ igi ní ààlà. Ó ní, "Ṣé o mọ èyí?" Mo ní, "Igbó ni, màámi." Ó rẹ́rìn-ín. "Igbó kẹ̀? Èlú ni. Òun ni mo ń já tí mo ń rù lọ Òṣogbo nígbà tí mo wà lọ́mọge. Òun ló ra páànù tó wà lórí ilé tí ọmọ yìí ń gbé."

Ojú tì mí o. Odidi èmi tí wọ́n ń pè ní agíríìkì. Wọ́n kọ́ wa ní kòkó, wọ́n kọ́ wa ní ọ̀pẹ, wọ́n kọ́ wa ní kaṣú. Mi ò rántí ọjọ́ kan tí wọ́n dárúkọ èlú. Bí mo ṣe dé ilé ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọ̀rọ̀ náà jọ, mo sì rí i pé ewé tí mo fẹ́ kí wọ́n fín ní oògùn yẹn, òun ló gbé odidi ìlú kan dìde.

Ìkòkò aró tó fọ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n ní Láròóyè àti ọdẹ kan tó ń jẹ́ Tìmẹ́hìn kó àwọn èèyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí àìrí omi. Wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n rí i pé ilẹ̀ dára, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán oko. Igi ńlá kan tí wọ́n gé wá ṣubú sínú odò. Ni ohùn kan bá jáde látinú omi, ó ń pariwo pé ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti wá. Láròóyè bá odò mulẹ̀, ẹja jáde, ó tẹ́wọ́ gbà á, ìyẹn ló sì fi di Àtáọ́ja.

Ẹ wá fi ojú àgbẹ̀ wo ìtàn yìí. Kí ni igi yẹn fọ́? Kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò omi, ìkòkò aró ni. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà láti ìran dé ìran fẹ́ ká mọ̀ pé iṣẹ́ aró ti wà lórí ilẹ̀ yẹn kí ìlú tó wà. Ta ló sì fọ́ ọ? Ẹni tó ń ṣán oko ni! Kò ní nǹkan burúkú lọ́kàn. Oko ló fẹ́ dá, kò kàn mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ibi tó ń gé. Nígbà tí mo rántí ìyẹn, mo rí ara mi níbẹ̀.

Ẹni tí ogun lé kò lè ru oko rẹ̀

Òṣogbo kò tóbi lọ títí níbẹ̀rẹ̀. Ogun ló kó èèyàn kún un. Nígbà tí àwọn ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ ń tú, àwọn tó sá àsálà ń wá ibi tí wọ́n lè forí pamọ́ sí. Ní nǹkan bí 1840, ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun ọmọ ogun Ìlọrin ní Òṣogbo, látìgbà náà ni àwọn èèyàn sì ti ń rọ́ wọ ibẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa níbí náà, ní 1878, ogun Jálumi jà ní Ìkìrun. Odò Ọ̀tìn yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Ìlọrin kó sí nígbà tí wọ́n ń sá lọ, ìyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ.

Ẹni tí ogun lé kò lè ru oko rẹ̀ dání, kò sì lè ru ilé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń bá a lọ. Àwọn ahunṣọ mú ìmọ̀ wọn dé, àwọn aláró náà mú tiwọn dé. Ohun tí aláró nílò kò sì ṣòroó rí ní Òṣogbo: omi tí kì í gbẹ, igi àti èèpo tí wọ́n máa sun di eérú, àti èlú nínú igbó tó yí ìlú ká, títí dé ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Bí Òṣogbo ṣe di ìlú aró nìyẹn, orúkọ tí wọ́n fi ń kì í títí di òní.

Báwo ni ewé tútù ṣe ń di aró?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kò tíì rí i rí, ẹ gbọ́. Ewé èlú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó ṣì rọ̀, ni wọ́n máa ń já. Wọ́n á gún un nínú odó títí táá fi kúnná, táá sì máa dúdú bọ̀. Wọ́n á mọ ọ́n róbótó bí ẹni mọ ọṣẹ dúdú, wọ́n á sá a sóòrùn. Tó bá ti gbẹ dáadáa, ó ṣeé kó pa mọ́ di ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, ó sì ṣeé rù lọ ọjà tó jìnnà.

Ní ọ̀dọ̀ aláró, wọ́n á gbé ìkòkò méjì léra. Ti òkè ní ihò nísàlẹ̀, eérú ni wọ́n máa ń rọ sínú ẹ̀. Wọ́n á bu omi lé e, omi náà á máa kán díẹ̀díẹ̀ sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n máa ń da èlú sí, táá wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan. Tó bá ti kan tán, wọ́n á ti aṣọ bọ̀ ọ́. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé tí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀ ló máa ń ní. Ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ló ń di aró lójú ẹni. Bí wọ́n bá ṣe ń rì í tí wọ́n ń sá a tó, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe dúdú tó.

Iṣẹ́ obìnrin ni aró láàárín àwa Yorùbá, Ìyá Màpó sì ni wọ́n ń bọ fún un. Tí ìkòkò bá kọ̀ tí kò mú aró jáde, òun ni wọ́n máa ń bẹ̀. Lóde òní, a mọ̀ pé àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ló ń jẹ́ kí aró kan, bíi ti ògì àti irú. Tí ibẹ̀ bá tutù jù, tàbí tí eérú náà kò bá le tó, wọn kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ kòkòrò, àmọ́ wọ́n mọ ìgbà tí ìkòkò pé àti ìgbà tí kò pé. Ìmọ̀ gidi nìyẹn.

Ẹ wo iye ọwọ́ tí owó ń gbà kọjá kí aṣọ kan tó di dúdú: ẹni tó já ewé, ẹni tó gún un, ẹni tó sun eérú, amọ̀kòkò, aláró, ahunṣọ, àti oníṣòwò tó rù ú lọ ọjà. Èèyàn méje ló jẹun lára ewé kan tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.

Rélùwéè dé, Jámánì náà dé

Rélùwéè tó ti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901 dé Òṣogbo ní 1907. Lẹ́yìn náà ló gba Ìkìrun àti Òkukù níbí kọjá lọ sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin. Ọkọ̀ ojú irin yẹn ń kó kòkó àti èkùrọ́ lọ sí etí òkun, ó sì ń kó aṣọ funfun òyìnbó bọ̀. Aṣọ funfun yìí gan-an ni àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo fi ṣe àdìrẹ. Wọ́n fi ìkó so ó, ìyẹn àdìrẹ oníko. Wọ́n tún fi ìyẹ́ adìẹ ti ẹ̀kọ làfún bọ̀, wọ́n ya àwòrán sára rẹ̀, ìyẹn àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀gẹ́ tiwa náà wà níbẹ̀! Àwọn oníṣòwò ń ti Gánà àti Sẹ̀nẹ̀gà wá ra àdìrẹ lọ.

Àmọ́ nǹkan míì ti ṣẹlẹ̀ lókè òkun. Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ní ilẹ̀ Íńdíà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ ló ń gbin ewé aró tiwọn lórí ilẹ̀ tó tẹ́ lọ rẹrẹ. Kó tó tó ogún ọdún, ọjà wọn ti dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1914, aró tó pọ̀ jù láyé ti di ti kẹ́míkà.

Èyí tí wọ́n rọ sínú agolo dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà tó ń ṣe iṣẹ́ eérú. Ẹni tó máa ń dúró fún ọjọ́ mélòó kan kí ìkòkò tó kan kò ní láti dúró mọ́. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Wọ́n ní aṣọ kò dára bíi ti tẹ́lẹ̀, Aláké Adémọ́lá Kejì fòfin de kọ́sítíìkì àti aró agolo, àwọn aláró sì ní àwọn kò gbà. Ní 1936, ó di ohun tí wọ́n ní láti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde lé lórí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká bínú sí àwọn aláró yẹn. Wọ́n ń wá oúnjẹ ọmọ wọn ni. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni ìdí tí èlú fi pàdánù. Bí mo ṣe rò ó nìyí: aró agolo wà lọ́jà nígbàkígbà, bó ṣe dára lánàá náà ló dára lónìí. Èlú ńkọ́? Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá wọ igbó lọ wá a. Ọjà tí a kàn ń ṣà, tí a kò gbìn, tí a kò tọ́jú, kò lè bá èyí tó ń dé déédéé du oníbàárà.

Èyí tó ṣẹ́kù, ta ló pa á mọ́?

Síbẹ̀, èlú kò kú. Ní 1950, Susanne Wenger, obìnrin ará Austria, dé Nàìjíríà. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun nígbà yẹn ti ń di ibi tí wọ́n ń gé gẹdú, tí oko sì ń jẹ wọ̀. Òun pẹ̀lú àwọn abọ̀rìṣà, àwọn ọ̀mọ̀lé àti agbẹ́gilére Òṣogbo dìde, wọ́n tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì dáàbò bo igbó. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan níbẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Wenger kú ní 2009, Òṣogbo náà ló kú sí. Ní 1983, Nike Davies-Okundaye, tó wá láti Ògìdì ní ìpínlẹ̀ Kogí, dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti aró, tí ẹnikẹ́ni kò sì ń gba owó lọ́wọ́ wọn.

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, ìyẹn bí éékà 185. Nínú ìwé tí wọ́n kó lọ fún UNESCO, oríṣi igi àti ewé tó wà níbẹ̀ lé ní 400, èyí tó lé ní 200 nínú wọn ló sì jẹ́ ewé tí a mọ̀ mọ́ ìwòsàn. Ẹ ronú sí i. Ibi kan tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gé igi ni gbogbo èyí ti ṣẹ́kù.

Àmọ́ kì í ṣe inú igbó òrìṣà ni àwọn elewé ọmọ ti ń já èyí tí wọ́n ń tà, torí èèwọ̀ ni. Ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kó sinmi, ààlà oko, bèbè odò, àwọn ibẹ̀ ni ewé inú ọjà ti ń wá. Tiwa ni. Tiwa kò sì ní èèwọ̀, kò ní ìwé UNESCO. Tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ máa ń sinmi fún ọdún mẹ́jọ, mẹ́wàá. Báyìí, ọdún méjì ti pọ̀ jù fún ẹlòmíì. Gálọ́ọ̀nù oògùn kan sì lè ṣe iṣẹ́ tí àdá ogún kò lè ṣe. Àdá gé e, ó tún rú. Oògùn pa á tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Ohun tí mo fẹ́ kí a ṣe

Mi ò ní kí ẹ má dáko o. Mi ò sì ní kí ẹ tu ẹ̀gẹ́ yín kí ẹ gbin èlú. Ohun tí mò ń sọ nìyí:

1. Ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó gé. Kí ẹ tó fín oògùn sí ilẹ̀ tó ti sinmi, ẹ mú àgbàlagbà kan dání kó wo ààlà yíká. Tí ẹ bá fún ewé èlú tó rọ̀ lọ́wọ́ tí ẹ fi sílẹ̀, ẹ máa rí i tó ń dúdú bí aró.

2. Ẹ fi ààlà sílẹ̀. Ẹ má fín oògùn dé ibi tí èlú wà. Tó bá ń dí yín lọ́wọ́, ẹ fi àdá gé e, ẹ jẹ́ kí kùkùté rẹ̀ wà nílẹ̀. Á tún rú. Ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú yẹn gan-an sì ni aláró fẹ́.

3. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń já ewé. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Ẹnì kan lè fín oògùn ní àárọ̀, kí ìyá elewé ọmọ wọlé ní ìrọ̀lẹ́ láìmọ̀, kó já ewé yẹn lọ fún aboyún tàbí ọmọ ọwọ́. Tí ẹ bá fín oògùn, ẹ fi ààlè sí ẹnu ọ̀nà oko, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará àdúgbò. Ẹ̀yin elewé ọmọ náà, ẹ máa béèrè lọ́wọ́ olóko kí ẹ tó já nǹkan. Mo mọ̀ pé ẹ̀ ń lo èlú fún oògùn, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe oníṣègùn, mi ò ní kọ ìwọ̀n àgbo síbí.

4. Ẹ gbin díẹ̀ wò. Ìdílé kan náà ni èlú wà pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹ̀pà, inú pódi ni kóró rẹ̀ máa ń wà. Ẹ já pódi tó ti gbẹ, ẹ gbin kóró rẹ̀ sínú nylon bíi ti kòkó, ẹ lọ́ ọ sí ààlà nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Mẹ́wàá péré ti tó fún ẹni tó fẹ́ dán an wò. Ẹ rántí pé ó máa ń fà, ẹ fún un ní igi tó máa gùn.

5. Ẹ wá oníbàárà kí ẹ tó mú un pọ̀. Ẹ gún díẹ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ gbé e lọ bá àwọn aláró ní Òṣogbo. Ẹ béèrè èyí tí wọ́n fẹ́, iye tí wọ́n máa rà, àti ìgbà tí wọ́n máa rà á. Àwọn tó ń ra àdìrẹ lóde òní, títí dé òkè òkun, àwọn kan wà nínú wọn tó fẹ́ aró ewé gidi, tí wọ́n sì ṣe tán láti san owó lé e. Kí ẹ má lọ gbin éékà kan kí ẹ tó wá máa béèrè pé ta ló máa rà á.

6. Ẹ má da èèpo kòkó nù. Ẹ sun ún. Eérú rẹ̀ le dáadáa, àwọn aláró àti àwọn tó ń ṣe ọṣẹ dúdú ń wá a.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ìyá yẹn parí sí. Ọmọ rẹ̀ ro oko, ó gbin ẹ̀gẹ́ sí i, kò fín ààlà. Èlú mẹ́rin ló ṣẹ́kù síbẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ, màámi ti já ewé, wọ́n ti gún un, àwọn róbótó róbótó wà lórí páànù níwájú ilé, wọ́n ń gbẹ. Mo bi wọ́n léèrè bóyá Òṣogbo ni wọ́n máa gbé e lọ. Wọ́n ní, "Eléyìí kò tó ohun tí èèyàn ń gbé lọ ọjà. Ọmọ-ọmọ mi ni mo gún un fún, kó lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí n tó lọ."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó já èlú rí, tó sun eérú rí, tó ti aṣọ bọ aró rí, ẹ lọ bi wọ́n lónìí. Ẹ mú wọn lọ sí oko, kí wọ́n fi ewé náà hàn yín pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Ìkòkò aró tó fọ́ nínú odò Ọ̀ṣun, àìmọ̀ ló fọ́ ọ. Àwa ti wá mọ̀ báyìí o.

Ire oko o. Ọ̀gbẹlẹ̀ kò ní dá wa lóko, a ò ní rí ìjà ààlà. Àmín.